Ilé ni à ń Wò kí á tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Àyẹ̀wò Èdè Òfin Maine lórí Àwọn Wabanaki

ÌFÁÁRÀ

Iṣẹ́ lámèyítọ́ kò pin sórí ewì, ìtàn àròsọ àti eré oníṣe nìkan. Ìwé òfin pẹ̀lú jẹ́ iṣẹ́ àkọsílẹ̀ tí ènìyàn fi èdè hun, ó ní ẹni tí ó kọ ọ́, ó ní àwọn tí a kọ ọ́ fún, ó sì ní àwọn tí a kọ ọ́ lé lórí. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òun àti ewì ni pé bí a bá ṣi ewì túmọ̀, akéwì nìkan ni inú rẹ̀ yóò bàjẹ́. Bí a bá ṣi òfin túmọ̀, odò, ilẹ̀, ọmọ àti ẹnu ọ̀nà ilé lè bọ́ mọ́ olóhun lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ó fi tọ́ kí àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ àyẹ̀wò ìlò èdè máa yẹ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò pẹ̀lú ojú tí wọ́n fi ń wo lítíréṣọ̀.

Òfin tí iṣẹ́ yìí dá lé ni èyí tí ìpínlẹ̀ Maine, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ṣe ní ọdún 1980 lórí àwọn Wabanaki. Wabanaki túmọ̀ sí àwọn ènìyàn ilẹ̀ ìdájí, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni ojúmọ́ ti kọ́kọ́ ń mọ́ lágbègbè náà. Mẹ́rin nínú àwọn orílẹ̀-èdè wọn ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní Maine. Èkínní ni Passamaquoddy, tí ó ní ìlú méjì, Sipayik àti Motahkomikuk. Èkejì ni Penobscot, tí olú ìlú rẹ̀ wà ní erékùṣù kan láàárín odò tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ̀kẹta ni Maliseet ti Houlton, ẹ̀kẹrin sì ni Mi'kmaq.

Láti ọdún 2019 ni àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àwọn alágbàwí wọn ti ń bẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Maine pé kí ó tún òfin yìí ṣe. Ohun mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn. Èkínní ni pé àpólà ọ̀rọ̀ méjì péré ni ó gbé gbogbo ẹrù òfin náà, àti pé àwọn méjèèjì kò bára mu. Èkejì ni pé òfin náà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí ohun tí ó ń sẹ́. Ẹ̀kẹta ni pé ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí àwọn alágbàwí yàn jẹ́ ọ̀nà tí ó tọ́, ṣùgbọ́n èdè tí wọ́n fi ń rìn ín nílò àtúnyẹ̀wò.

ÌTÀN TÍ Ó BÍ ÒFIN NÁÀ

Kò sí bí a ṣe lè lóye àkọsílẹ̀ yìí láìmọ ìtàn tí ó bí i. Abẹ́ Massachusetts ni ilẹ̀ Maine wà títí di ọdún 1820. Massachusetts bá Passamaquoddy ṣe àdéhùn ní 1794, ó bá Penobscot ṣe tirẹ̀ ní 1796 àti 1818, nínú àwọn àdéhùn wọ̀nyí sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Bẹ́ẹ̀ láti 1790 ni ìjọba àpapọ̀ ti ṣòfin pé ilẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ kò gbọdọ̀ yí ọwọ́ padà láìjẹ́ pé òun lọ́wọ́ sí i. Ìjọba àpapọ̀ kò fọwọ́ sí ọ̀kankan nínú àdéhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí Maine dá dúró, ó gba ojúṣe Massachusetts sí àwọn ènìyàn wọ̀nyí sọ́rùn, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ìpínlẹ̀ náà ṣe ń gbilẹ̀ ni ó ń hùwà bí ẹni pé kò sí orílẹ̀-èdè kankan nínú rẹ̀. Ní 1892, nínú ẹjọ́ ọmọ Passamaquoddy kan tí a mú nítorí pé ó ṣọdẹ, kóòtù tí ó ga jù lọ ní Maine pinnu pé àwọn Passamaquoddy kì í ṣe àwùjọ ìṣèlú mọ́, pé àdéhùn àwọn baba wọn kò sì lè gba ọmọ wọn sílẹ̀. Láti 1823 ni àkọsílẹ̀ ti wà pé Penobscot ń rán aṣojú lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ti Passamaquoddy sì bẹ̀rẹ̀ láti 1842. Síbẹ̀ àwọn aṣojú wọ̀nyí kò ní ìbò títí di òní. Ọdún 1954 ni àwọn tí ń gbé lórí ilẹ̀ ìpamọ́ wọn ní Maine tó lè dìbò fún ìjọba àpapọ̀, ó sì di 1967 kí wọ́n tó lè dìbò fún ti ìpínlẹ̀ tí ó ń pàṣẹ lé wọn lórí.

Ọdún 1975 ni ọ̀ràn yí padà. Adájọ́ Edward Gignoux ti ilé ẹjọ́ àpapọ̀ pinnu pé òfin 1790 kan Passamaquoddy bí ó ṣe kan gbogbo ẹ̀yà yòókù, pé ìjọba àpapọ̀ sì jẹ́ alágbàtọ́ fún wọn. Kóòtù kò-tẹ́mi-lọ́rùn fọwọ́ sí ìdájọ́ náà kí ọdún náà tó parí. Ìtumọ̀ èyí ni pé ilẹ̀ tí ó tó mílíọ̀nù 12.5 éékà, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ náà, lè má tíì kúrò lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ ní ìlànà òfin. Ẹ̀rù ba àwọn onílé, àwọn báńkì àti àwọn ilé-iṣẹ́ oníbébà tí ó ni igbó. Ní 1979, kóòtù àpapọ̀ kan sọ pé Passamaquoddy ní ààbò tí orílẹ̀-èdè máa ń ní kí a má baà kàn pè é lẹ́jọ́ bí ẹni lásán; kóòtù Maine pẹ̀lú sọ pé àṣẹ ìpínlẹ̀ lórí ẹ̀sùn ọ̀daràn lè má dé orí ilẹ̀ ìpamọ́. Ohun tí ìdájọ́ 1892 sọ pé ó ti kú ni ó ń jí dìde yìí.

Àárín ìgbà náà ni àwọn ẹni ọ̀rọ̀ kàn jókòó dúnàádúrà. Maine ṣe òfin tirẹ̀ ní oṣù Kẹrin 1980, Ààrẹ Jimmy Carter sì buwọ́ lu ti ìjọba àpapọ̀ ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹwàá ọdún náà, nígbà tí ìdìbò ààrẹ kù sí dẹ̀dẹ̀. Mílíọ̀nù 81.5 dọ́là ni ìjọba àpapọ̀ san: mílíọ̀nù 54.5 fún ríra ilẹ̀, mílíọ̀nù 27 fún àpò owó àwọn ẹ̀yà. Àwọn Wabanaki náà fi ẹ̀tọ́ wọn sí ilẹ̀ tí ó kù sílẹ̀. Owó náà ti di ìtàn. Èdè òfin náà ni kò tíì di ìtàn.

ÀPÓLÀ KÌÍNÍ: ‘ÌJỌBA ÌBÍLẸ̀’

Òfin Maine sọ pé Passamaquoddy àti Penobscot yóò ní gbogbo agbára, ẹ̀tọ́ àti ojúṣe ìjọba ìlú tí ó wà lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìlú kéékèèké Maine yòókù. Bí a bá fẹ́ gbé ọ̀rọ̀-orúkọ tí òfin náà lò níhìn-ín wọ Yorùbá, ‘ìjọba ìbílẹ̀’ ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn. Ìtumọ̀ yìí gbé àṣírí kan jáde. ‘Ìbílẹ̀’, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, ń tọ́ka sí ohun tí ilẹ̀ bí, ohun tí ó ti wà kí àlejò tó dé. Ṣùgbọ́n ‘ìjọba ìbílẹ̀’, gẹ́gẹ́ bí àpólà tí ìṣàkóso ayé òde òní ń lò, ń tọ́ka sí ìpele ìjọba tí ó rẹlẹ̀ jù, èyí tí ìjọba òkè rẹ̀ dá sílẹ̀ tí ó sì lè tú ká. Àwọn Wabanaki jẹ́ ìbílẹ̀ ní ìtumọ̀ kìíní. Òfin 1980 sọ wọ́n di ìbílẹ̀ ní ìtumọ̀ kejì. Ẹni tí ó ti wà níbẹ̀ kí ilé tó di ilé ni a wá fún ní yàrá kan, tí a sì sọ fún un pé onílé ni ó fún un.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ tí òfin yìí sọ àwọn ẹ̀yà náà kò wo ilé wọn rárá. Ìlú kékeré ní Maine kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn ní 1794. Kò ní aláṣẹ tí ó ti ń jókòó kí Massachusetts tó dé. Kò sì sí ìlú kékeré kan tí ìjọba àpapọ̀ san mílíọ̀nù dọ́là fún kí ó lè jáwọ́ nínú ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀. Orúkọ náà wúlò fún ẹni tí ó sọ ọ́, nítorí pé ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù: bí ìpínlẹ̀ bá ni ìjọba ìbílẹ̀, ìpínlẹ̀ náà ni ó ni ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ bá ní.

Síbẹ̀ àkọsílẹ̀ náà kò lè pa irọ́ yìí mọ́ dé òpin. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí ó fọwọ́ sí òfin Maine fún ìpínlẹ̀ náà láyè láti tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé àtúnṣe tí ó bá kan àṣẹ àti ìṣàkóso kò ní múlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀yà tí ó kàn gbà bẹ́ẹ̀. Awẹ́ gbólóhùn kékeré yìí ni lámèyítọ́ gbọ́dọ̀ dúró lé lórí. Ìpínlẹ̀ kan kì í gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ kí ó tó yí òfin rẹ̀ padà. Ẹni tí a gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ẹnìkejì nínú àdéhùn. Lójú ewé kan náà, òfin yìí pe Passamaquoddy àti Penobscot ní ọmọ abẹ́, ó sì ń bá wọn lò bí ẹgbẹ́. Atakò yìí kò ṣeé fi ọnà èdè bò. Òun ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù tí àwọn alágbàwí ní, inú òfin tí wọ́n ń bá jà gan-an ni ó sì wà.

Ipò Maliseet àti Mi'kmaq tún burú ju èyí lọ. Òfin 1980 kò tilẹ̀ fún Maliseet ní agbára ìjọba ìbílẹ̀ tí ó fún àwọn méjì tí ó kù. Ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ tó fọwọ́ sí Mi'kmaq, ó sì di 2023 kí Maine tó ṣe òfin tí ó gbé wọn sún mọ́ ipò àwọn ẹ̀yà yòókù.

ÀPÓLÀ KEJÌ: ‘Ọ̀RÀN ABẸ́LÉ’

Lẹ́yìn tí òfin náà ti sọ wọ́n di ìjọba ìbílẹ̀ tán, ó yọ ohun kan sílẹ̀: ó ní ìpínlẹ̀ kò ní í dá sí ọ̀ràn abẹ́lé ẹ̀yà. Ó ka díẹ̀ nínú ohun tí ọ̀ràn abẹ́lé jẹ́: ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà, ẹ̀tọ́ láti gbé lórí ilẹ̀ ìpamọ́, ètò àti ìjọba ẹ̀yà, ìdìbò wọn, àti bí wọn yóò ṣe ná èrè owó àdéhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà kà á fi hàn pé àpẹẹrẹ ni àwọn wọ̀nyí, pé abẹ́lé lè gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni yóò sọ ibi tí abẹ́lé parí sí? Òfin náà dákẹ́. Nínú ìdákẹ́ yìí ni àwọn adájọ́ ti wá sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò sì ṣọ̀kan.

Ní 1983, kóòtù Maine gbé ẹjọ́ Penobscot yẹ̀ wò lórí eré tẹ́tẹ́ kan tí wọ́n ń ṣe lórí ilẹ̀ wọn láti fi pa owó fún ìlú. Kóòtù náà wo àwọn ohun tí òfin kà, ó rí i pé tẹ́tẹ́ kò sí lára wọn, kò sì jọ wọ́n. Ó pinnu pé kì í ṣe ọ̀ràn abẹ́lé. Ní 1997, kóòtù kò-tẹ́mi-lọ́rùn àpapọ̀ gbọ́ ẹjọ́ lórí ìwé àṣẹ láti gé igi gẹdú nínú igbó Penobscot. Ó sọ pé ọ̀ràn abẹ́lé ni, nítorí pé ọmọ ẹ̀yà àti ohun ìní ẹ̀yà ni ó kàn. Ní 1999, kóòtù kan náà yìí gbọ́ ẹjọ́ nọ́ọ̀sì kan tí kì í ṣe ọmọ Penobscot, tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́; ó tún sọ pé abẹ́lé ni, nítorí pé ìlera ará ìlú ni iṣẹ́ náà wà fún. Ní 2001, kóòtù Maine dá ẹjọ́ láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ oníbébà àti àwọn ẹ̀yà méjì, lórí àwọn ìwé tí àwọn ẹ̀yà kọ nípa omi odò. Ó ní ìwé tí ó dá lé ìjíròrò láàárín ara wọn jẹ́ abẹ́lé, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n kọ sí ìjọba mìíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n.

Bí a bá to ìdájọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, ìlànà méjì ni ó hàn. Kóòtù Maine máa ń ka abẹ́lé bí ẹni ń ka ohun tí ó wà nínú àpò: ohun tí a kò bá kà kò sí níbẹ̀. Kóòtù àpapọ̀ máa ń bèèrè ẹni tí ọ̀ràn náà kàn àti ohun tí ó wà fún. Bákan náà ni àpólà ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ilé ń sún síwá-sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó mú ìdíwọ̀n lọ́wọ́. Ìdájọ́ 2001 ni ó tọ́ kí á fura sí jù. Ó sọ pé orílẹ̀-èdè kan jẹ́ ara rẹ̀ bí ó bá ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé ó di ọmọ abẹ́ ìpínlẹ̀ ní kété tí ó bá bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Òmìnira tí kò lè la ẹnu sí aládùúgbò kò ju ìdákẹ́ lọ.

Ọ̀ràn odò Penobscot fi ewu yìí hàn kedere. Ní 2012, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ gbé èrò jáde pé ilẹ̀ ìpamọ́ Penobscot kò kan omi odò náà. Àwọn Penobscot lọ sí kóòtù. Ní 2021, ìjókòó kíkún kóòtù kò-tẹ́mi-lọ́rùn àpapọ̀ pinnu pé àwọn erékùṣù inú odò ni ilẹ̀ ìpamọ́, pé odò fúnra rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, nítorí pé ‘erékùṣù’ ni ọ̀rọ̀ tí òfin lò. Ní 2022, kóòtù tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ìpín mìíràn nínú òfin Maine kan náà fún àwọn ọmọ ẹ̀yà ní ẹ̀tọ́ láti pẹja fún jíjẹ ara wọn láàárín ààlà ilẹ̀ ìpamọ́ wọn. Bí omi kò bá sí nínú ààlà náà, orí iyanrìn ni ẹja yóò ti máa lúwẹ̀ẹ́. Ìlànà àkọ́kọ́ nínú àtúpalẹ̀ ni pé kí a má túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan títí tí ọ̀rọ̀ kejì nínú àkọsílẹ̀ kan náà yóò fi di asán. Kókó yìí kò ṣàjèjì sí àwọn adájọ́ tí kò fara mọ́ ìdájọ́ náà. Àwọn tí ó pọ̀ jù ni kò gbà á.

ÌLẸ̀KÙN TÍ A TÌ MỌ́ ỌJỌ́ IWÁJÚ

Ìpín kan tún wà nínú òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1980 tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé lè fò dá. Ó ní bí ìjọba àpapọ̀ bá ṣe òfin kan lẹ́yìn 1980 fún àǹfààní àwọn ọmọ onílẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà, tí òfin náà sì lè nípa lórí àṣẹ Maine, kò ní í kan Maine àyàfi tí a bá dárúkọ ìpínlẹ̀ náà nínú rẹ̀ ní pàtó. Àkókò ọ̀rọ̀-ìṣe inú gbólóhùn yìí ni ó yẹ kí á ṣàkíyèsí. Òfin kì í sábà sọ̀rọ̀ nípa àwọn òfin tí a kò tíì ronú kàn. Èyí sọ̀rọ̀ nípa wọn, ó sì tì wọ́n mọ́ ìta.

Àwọn olùwádìí ti ka òfin 151 tí ó lè ti bọ́ sínú kòtò yìí. Àpẹẹrẹ kan tó. Ní 2013, ìjọba àpapọ̀ fún kóòtù àwọn ẹ̀yà ní agbára láti dá ẹjọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹ̀yà bí ó bá lu obìnrin nílé lórí ilẹ̀ wọn. Ní Maine, òfin àpapọ̀ yìí kò kan ẹ̀yà kankan títí di 2022, nígbà tí a tún òfin náà ṣe tí a sì dárúkọ Maine. Ìyàtọ̀ láàárín obìnrin tí kóòtù ìlú rẹ̀ lè gbèjà rẹ̀ àti èyí tí kò lè rí bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ jẹ́ ìyàtọ̀ orúkọ ìpínlẹ̀ kan tí a kò kọ.

ÀWỌN ÀBÁDÒFIN ÀTI ÌDÁHÙN GÓMÌNÀ

Ní 2019, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Maine dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti yẹ òfin 1980 wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, ìgbìmọ̀ náà mú àbá 22 wá. Láti inú rẹ̀ ni àbádòfin ńlá tí a gbé kalẹ̀ tẹ̀lé e ti jáde; ó rí ìtìlẹ́yìn ilé méjèèjì ní 2022, ṣùgbọ́n orí tábìlì ìgbìmọ̀ ìṣúná ni ó kú sí nítorí pé Gómìnà Janet Mills kò fara mọ́ ọn. Ní ọdún kan náà, àbádòfin tí Jared Golden gbé lọ sí ilé ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ kò di òfin. Ní 2023, olórí ilé aṣojú Maine, Rachel Talbot Ross, gbé àbádòfin tí ó mọ níwọ̀n kalẹ̀, láti dá ẹ̀tọ́ àwọn Wabanaki sí àwọn òfin àpapọ̀ tí ó ṣe wọ́n láǹfààní padà. Ó yọ òfin tẹ́tẹ́ sílẹ̀ kí ìbẹ̀rù má baà gbilẹ̀. Ilé méjèèjì gbà á. Gómìnà kọ̀ láti buwọ́ lù ú. Nígbà tí ilé aṣojú dìbò láti borí ìkọ̀sílẹ̀ náà ní oṣù Keje, 84 fara mọ́ ọn, 57 takò ó. Kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta.

Kí a má ṣe fi ojú ọ̀tá wo ìdáhùn Gómìnà, nítorí pé ó ní ìmọ̀ òfin yìí dáadáa. Òun ni agbẹjọ́rò àgbà Maine fún ọdún púpọ̀ nígbà tí ẹjọ́ odò ń lọ. Àròyé rẹ̀ ni pé èdè àbádòfin náà kò là kedere, pé yóò dá ìdàrúdàpọ̀ àti ẹjọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ sílẹ̀. Apá kan wà nínú àròyé yìí tí ó tọ̀nà. ‘Àǹfààní’ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó ń bèèrè adájọ́: ta ni yóò sọ pé òfin kan ṣàǹfààní, ẹ̀yà ni, ìpínlẹ̀ ni, tàbí kóòtù? Ẹni tí ó ti rí ohun tí ọ̀rọ̀ ‘abẹ́lé’ fojú rí lọ́wọ́ àwọn adájọ́ fún ogójì ọdún kò yẹ kí ó tún gbé ọ̀rọ̀ aláìláàlà mìíràn lé wọn lọ́wọ́ láìṣọ́ra.

Ṣùgbọ́n àròyé náà kò lè dúró dé òpin. Bí àìlàkedere bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, òfin 1980 ni ẹlẹ́ṣẹ̀ àkọ́kọ́. Ìdàrúdàpọ̀ tí Gómìnà ń bẹ̀rù pé ó ń bọ̀ ti wà nílé tipẹ́. Ẹjọ́ 1983, 1997, 1999, 2001 àti 2021 ni ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jò kò lè kọ òrùlé tuntun nítorí pé òjò lè rọ̀ bí a bá ń kàn án lọ́wọ́.

Àwọn alágbàwí pẹ̀lú ní ẹjọ́ tiwọn láti jẹ́. Láti oṣù Kejìlá 2022 tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Harvard ti gbé ìwé kan jáde ni ìṣirò inú rẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ jù: láti 1989, owó tí ń wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láàárín àwọn ẹ̀yà Maine fi ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, nígbà tí ti àwọn ẹ̀yà ìpínlẹ̀ yòókù fi ìdá 61 lé sí i. Ìṣirò yìí lágbára, ó sì yẹ kí ó dójú ti ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í ṣe òpó ilé, ilé náà yóò tẹ̀. Ó gbé ọ̀ràn kúrò lórí ẹ̀tọ́, ó gbé e sórí èrè. Bí ó bá di ọ̀la tí àwọn Wabanaki bá lówó ju ará Maine yòókù lọ, ṣé ẹ̀tọ́ wọn ti tán nìyẹn? Nínú àkọlé àbádòfin 2023, ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ní ‘dá padà’ ni ó tọ́, nítorí pé ohun tí a gbà ni à ń dá padà. ‘Àǹfààní’ tí ó tẹ̀lé e ni ó jẹ́ kí ó dà bí ẹ̀bùn. Gbèsè àti ẹ̀bùn kì í gbé inú àwo kan náà.

A gbọ́dọ̀ gbà pé àwọn àtúnṣe kéékèèké ti so èso. Ní 2022, òfin kan jẹ́ kí Passamaquoddy ti Sipayik lè wá ọ̀nà àbáyọ fún omi ẹ̀rọ wọn tí ó ti ń yọ àwọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2023, Maine fi ìdáàbòbò àwọn ọmọ Wabanaki sínú òfin tirẹ̀ kí a má baà máa kó wọn kúrò lọ́dọ̀ àwọn ẹbí wọn láìnídìí; ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà kan ti fi hàn ní 2015 pé ìlọ́po 5.1 ni ìwọ̀n tí a fi ń kó ọmọ wọn lọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́ ju ti àwọn ọmọ yòókù lọ. Ní 2024, agbára kóòtù àwọn ẹ̀yà tún gbòòrò díẹ̀. Omi, ọmọ àti kóòtù kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn òfin wọ̀nyí ń yọ ẹ̀gún kan, ó sì ń fi igi ẹlẹ́gùn-ún sílẹ̀ lórí ìdúró. Kí ó tó di pé ìlú kan lè mu omi mímọ́, ó gbọ́dọ̀ lọ sí olú ìlú ìpínlẹ̀ lọ bẹ̀bẹ̀ fún òfin.

ÌPÍN TÍ A KÒ TẸ̀

Àkíyèsí kan kù lórí ìtẹ̀wé. Ojúṣe tí Maine gbà sọ́rùn ní 1820 sí àwọn ọmọ onílẹ̀ wà nínú ìpín karùn-ún abala kẹwàá òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àtúnṣe kan ní 1875 pàṣẹ pé kí a má tẹ ìpín náà mọ́ nínú ẹ̀dà òfin ìpìlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára rẹ̀ kò yẹ̀. Lítíréṣọ̀ mọ ìwé tí a fi òfin dè. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó rí èyí tí ń bẹ nínú agbára ṣùgbọ́n tí a dè láti hàn. Ó ju ogóje ọdún lọ tí ará Maine fi ń ka òfin ìpìlẹ̀ wọn láìrí gbèsè tí wọ́n jẹ. Ní oṣù Kọkànlá 2023, àwọn olùdìbò Maine fi ìbò tí ó pọ̀ púpọ̀ sọ pé kí a tún máa tẹ̀ ẹ́.

Àwọn kan lè sọ pé ìtẹ̀wé lásán ni, pé kò fi éékà kan kún ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbò yìí yàtọ̀ sí gbogbo ohun tí a ti mẹ́nu bà ṣáájú ní ọ̀nà kan: ará ìlú ni ó dì í, kì í ṣe adájọ́ tàbí gómìnà. Ní oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn tí ilé aṣojú kò lè borí ìkọ̀sílẹ̀ Gómìnà, àwọn tí ó dìbò yan Gómìnà náà fi hàn pé ojú wọn lè wo gbèsè náà láìfọ́.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé òfin 1980 dúró lórí àpólà méjì tí ń tako ara wọn: ọ̀kan sọ àwọn Wabanaki di ọmọ abẹ́ ìpínlẹ̀, èkejì fún wọn ní ilé tí kò ní ògiri. Ó ti fi hàn pẹ̀lú pé awẹ́ gbólóhùn tí ó bèèrè ìyọ̀ǹda ẹ̀yà kí àtúnṣe tó múlẹ̀ já orúkọ ‘ìjọba ìbílẹ̀’ ní koro.

Àwọn kan ń bèèrè ìdí tí orílẹ̀-èdè tí ó sọ pé òmìnira òun ti wà kí ìpínlẹ̀ tó wà fi tún ń lọ bẹ ìpínlẹ̀ pé kí ó fi í sínú òfin. Ìbéèrè náà lágbára, ṣùgbọ́n ìdáhùn wà nínú àkọsílẹ̀. Ìpínlẹ̀ ni ó kọ ẹ̀sùn tí ó de ọwọ́. Òun náà ni ó yẹ kí ó pa á rẹ́, pẹ̀lú ọwọ́ ẹnìkejì lórí ìwé. Lílọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kò sọ ẹni tí ó lọ di alágbe, bí ẹni tí ó lọ gba gbèsè nílé onígbèsè kò ṣe di àlejò rẹ̀.

Ohun tí ó kù ni kí àbádòfin tí ń bọ̀ mú èdè rẹ̀ bá ẹ̀tọ́ tí ó ń gbèjà mu. Kí ó yọ ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó sọ orílẹ̀-èdè di ìjọba ìbílẹ̀. Kí ó kọ́ ògiri yí ‘abẹ́lé’ ká, kí ó sì sọ ní kedere pé odò wà nínú rẹ̀. Kí ó fi ìṣirò owó sí ipò ẹlẹ́rìí, kí ó má fi í ṣe olùpẹ̀jọ́. Bí orúkọ kò bá yí padà, omi, ọmọ àti kóòtù yóò máa jẹ́ ohun tí à ń tọrọ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìjókòó ìgbìmọ̀ kan dé èkejì, lọ́wọ́ gómìnà kan dé òmíràn.